Òkè Ẹrẹ̀ Inú Fídíò Rẹ

Adó-Èkìtì

Fúnmi mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù Baku o, o sì kú atẹ́gùn. Fídíò òkè ẹrẹ̀ Gobustan, ibi tí ẹrẹ̀ ti ń rú jáde látinú ilẹ̀ nítòsí Baku ní Azerbaijan níbẹ̀, tí o fi ránṣẹ́ sí Màmá ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Ìkọ́gòsí. Mo yà kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni, wọ́n ti ń bi mí pé ṣé irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní rú jáde nínú omi gbígbóná tiwa lọ́jọ́ kan. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí ló mú un dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀.

Omi ni, Fúnmi. Gbogbo yín, ẹrẹ̀ lẹ ń wò. Ẹrẹ̀ yẹn ò tiẹ̀ gbóná. Gáàsì methane ló ń tì í sókè tó fi dà bíi pé ó ń hó. Omi tó pò mọ́ ọn ló ń ròyìn ìsàlẹ̀.

Erùpẹ̀ tí omi ti kó jọ láti ayébáyé sábẹ́ agbègbè Òkun Caspian tí o wà yẹn nípọn ju kìlómítà 20 lọ níbòmíràn. Èèyàn á rò pé omi òkun àtijọ́ tó há sínú rẹ̀ ló kàn ń tú jáde. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ tí wọ́n ti yẹ omi òkè ẹrẹ̀ wò, iyọ̀ rẹ̀ kì í tó ti òkun. Ta ló wá bomi là á? Amọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Amọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní smectite, tó máa ń fi omi pamọ́ sára. Tó bá rì dé ibi tí ooru ti wà láàárín 60 sí 150 lórí ìwọ̀n Celsius, á yí padà di irú amọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní illite, á sì tu omi náà sílẹ̀. Ṣé o rántí àpò ẹ̀gẹ́ lábẹ́ jáàkì nílé ìgàrí? Kò sẹ́ni tó da omi sí i, síbẹ̀ omi ń ro.

Ooru yẹn kan náà ló ń yọ àwọn èròjà bíi boron àti lithium kúrò lára erùpẹ̀, tí wọ́n fi ń pọ̀ nínú omi náà fíìfíì ju ti òkun lọ. Tí a bá fi ìwọ̀n lithium inú omi náà wé ti magnesium, èròjà mìíràn inú rẹ̀, a lè ṣírò bí ibi tó ti wá ṣe gbóná tó, láì gbẹ́ ihò kankan. Lójú tèmi, ìyẹn ju idán lọ. Ní ìsàlẹ̀ òkun Mariana, omi inú àwọn òkè ẹrẹ̀ ibẹ̀ tiẹ̀ dà bí omi eérú, pH rẹ̀ tó 12.5, ẹrẹ̀ ibẹ̀ sì yàtọ̀, nítorí ara òkúta serpentine ló ti wá.

Ti Ìkọ́gòsí ńkọ́? Omi òjò ni. Ó gba ojú sísán òkúta quartzite wọlẹ̀, ooru ilẹ̀ mú un, ó tún gòkè wá. Nǹkan tó yòrò sínú rẹ̀ kéré gan-an. Òkúta líle ló wà lábẹ́ wa ní Èkìtì, kò sí amọ̀ jíjìn tí yóò di ẹrẹ̀, kò sì sí gáàsì tí yóò tì í.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n sọ fún ọ pé kí o má débẹ̀ mọ́. Mo ti jíṣẹ́ o.

Èmi ní tèmi, bí o bá tún lọ, bá mi bu díẹ̀. Kí o bù ú kún dé ẹnu, kí atẹ́gùn má ráyè, kí o sì dé e pa. Ìgò ike ni o, má lo ti dígí, torí dígí mìíràn ní boron tirẹ̀ lára, á sì da ìṣirò mi rú. Kí ẹni tó bá ń mu sìgá sì dúró lókèèrè, gáàsì yẹn máa ń gbiná.

Èmi ni,
Bọ́sẹ̀