Ẹ bi ogúnléndé léèrè kí ẹ tó gbé ìrẹsì dé

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú níbí. Ẹjọ́ obìnrin kan tó ń bá wa fi iko di aṣọ ní ìsọ̀ ni mo fẹ́ bá yín rò.

Ìgbèríko Gwoza, ní Ìpínlẹ̀ Borno, ló ti wá. Nígbà tí Boko Haram gba ìlú náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, orí òkè ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá gùn. Àwọn sójà gba ìlú náà padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ti jóná, ọkọ kò sì sí mọ́. Ó rìn títí ó fi dé Abẹ́òkúta. Ilé tí onílé kò tíì kàn lọ́rùlé tán, lápá Láfẹ́nwá, ló ń gbé.

Lọ́jọ́ kan, àwọn aláàánú kan gbé ìrẹsì wá. Wọ́n ní kí àwọn ogúnléndé tò, wọ́n gbé àpò lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ọjọ́ kejì ni mo rí i tó ń fi kóńgò wọn ìrẹsì ọ̀hún tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Gbogbo ọjà pariwo lé e lórí pé aláìmoore ni. Èmi náà dá sí i, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ìgbà tí mo wá ẹni tó gbọ́ Hausa kó bá wa túmọ̀ ni mo tó mọ̀ pé kò ní ìkòkò, kò ní èédú, onílé sì ti fún un lọ́jọ́ mẹ́ta láti kó jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nílé nítorí iléèwé ní kó mú ìwé ọjọ́ìbí wá. Ìwé wo? Èyí tó jóná mọ́ ilé?

Olóòtú, ẹni tó wà ní àgọ́ ogúnléndé, wọ́n ṣáà kọ orúkọ rẹ̀ síbì kan. Èyí tó sá wọ àárín ìlú, ta ló kà á? Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Kampala, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe lọ́dún 2009, lórí àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn. Àdéhùn náà ní kí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n bá wọn ṣe ìwé tó sọnù, kí wọ́n sì fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n lórí ìrànwọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn. A kì í kúkú fá orí lẹ́yìn olórí.

Ó yẹ kí èyí tètè yé wa ní Abẹ́òkúta. Ogúnléndé ni Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kó wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Nígbà tí ogun lé àwọn Òwu náà dé, ilẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Ní 2021 pàápàá, àwọn ará abúlé kan ní Àríwá Yewa, nípìnlẹ̀ Ògùn wa yìí, sá wọ ilẹ̀ Benin nítorí ìkọlù.

Ẹ jọ̀wọ́, kí káńsù kọ orúkọ àwọn ogúnléndé tó wà láàárín ìlú ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Kí aláàánú fún wọn lówó lọ́wọ́, kí wọ́n fi fọ́tò sílẹ̀. Kí ọ̀gá iléèwé gba ọmọ wọlé ná, kí ìwé máa bọ̀ lẹ́yìn.

Obìnrin yìí ti mọ iko í dì báyìí, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti àwọn ọmọṣẹ́ mi lọ. Ọmọ rẹ̀ kò tíì wọ iléèwé.

Ìyá Aláàdìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta