Ìkéde: Aṣọ Àlòkù Ni Kí Àwọn Ọmọ Gbé Wá ní Sátidé

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ wa, a kí yín o.

Ní ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ọmọ wa ló máa sọ aṣọ àlòkù di ọ̀tun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn tú àpótí aṣọ wọn. Èyí tó ti kéré, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn fún àbúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ipá gbà á.

Aṣọ funfun tó ti pọ́n la nílò jù: bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, síńgílẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé. Òwú ni kó jẹ́ o, torí pọ́líẹ́sítà kì í mu aró. Àdìrẹ oníko la máa kọ́ wọn. Wọ́n á fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ, wọ́n á rì í sínú aró ẹ̀lú. Ibi tí wọ́n dì á yọ òrùka funfun. Bí aṣọ bá ṣe ń jáde, àwọ̀ ewé ló máa ní, kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di búlúù. Inú wọn á dùn gan-an láti rí i.

Àǹkárá tó ti ya náà wúlò, a óò fi rán àpò ọjà.

Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ fún wọn, kí ẹ sì mú ìbọ̀wọ́ dání. Aró kì í tètè kúrò lọ́wọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́