Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé inú ara òun ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síta, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni.

Ọmọ mi obìnrin, ọdún 5 ni, ó máa ń ka ọkàn, ẹ̀dọ̀, kídìnrín, ìfun bí ẹni ń kọrin, inú mi sì máa ń dùn, àfi ọjọ́ tí mo ní kó fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ wà tó lọ fọwọ́ kan àwòrán inú ìwé. Mo ní tìẹ ni mo wí, ó ní òun ò ní. Háà! Ó dùn mí. Ọmọ yìí rò pé inú ìwé ni gbogbo ẹ̀ wà.

Bí mo ṣe pa ìwé dé nìyẹn. Mo ní kó sáré yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó wá gbé ọwọ́ láyà, ojú ẹ̀ là, ó ní "Mọ́mì, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn nínú mi." Mo ní ọkàn ẹ nìyẹn, di ìkúùkù, bó ṣe tóbi mọ nìyẹn, ló bá ń di ìkúùkù kiri títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì mo gé okùn mítà 6, torí ìfun kékeré àgbàlagbà máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀, mo ní kó ká a sínú àpò kékeré kan, òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé àfi kéèyàn ṣẹ́ ẹ po.

Ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ló dà á láàmú jù, orúkọ wọn jọra. Ẹ̀dọ̀ kan ló wà, abẹ́ ìhà ọ̀tún, ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ méjì láyà, òun la fi ń mí, ti òsì sì kéré díẹ̀ torí ọkàn tó fara tì í. Àwọn àgbà tó ní ká fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro mọ̀ ọ́n o, abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni òróǹro wà lóòótọ́.

Ẹ má sì sọ fún ọmọ pé tó bá gbé kóró èso mì igi á hù nínú ẹ̀, irọ́ ni, ẹ̀rù ni yóò kàn máa bà á.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé ọmọ á kàn ní inú ń run òun, ibo nínú inú? Ìrora àpẹ́ńdíìsì, ìyẹn ẹ̀ka kékeré kan lára ìfun tó máa ń wú nígbà míì, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bá ìdodo ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó sún sí ìsàlẹ̀ ikùn lọ́tùn-ún, ọmọ tó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún ti bá dókítà ṣe nǹkan ńlá.

Ẹ bá wa ya ara ọmọ sójú ewé àwọn ọmọdé, kí orúkọ gbogbo ẹ̀ wà ní Yorùbá, ká lè gé e ká gbé e lé àyà àwọn ọmọ wa.

Èmi ni,
Ìyá ọmọ kan