Àmì Omi Lára Àpáta

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo sì kí gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ ọ́ ní èsì lẹ́tà, mo sì mọ̀ pé o ti bú mi tán nínú ọkàn rẹ; ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ara le, àfi orúnkún òsì tí kò jẹ́ kí n gun òkè bíi tàtijọ́ mọ́, wọ́n sì ti fún mi ní ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ń gun un bí ẹni tí òkè ń fà mọ́ra. Ìròyìn ara mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odò wa ni kò jẹ́ kí n sùn.

Wọ́n fẹ́ ṣe afárá tuntun síbi tí ti àtijọ́ wà, èmi ni wọ́n sì ní kí n sọ bí omi yóò ṣe pọ̀ tó lábẹ́ rẹ̀ nígbà ẹ̀kún omi ńlá, irú èyí tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí ó dé lọ́dún kọ̀ọ̀kan. O mọ bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń gbọ́ ọ: wọ́n á pè é ní ẹ̀kún omi ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n á sì lọ sùn bí ẹni pé odò ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní í padà wá lójú ayé ọmọ wọn. Mo ṣe ìṣirò fún wọn pé bí afárá bá lo 50 ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100 pé yóò rí i. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe yìnyín tí oòrùn ń yọ́ ló ń dà mí láàmú. Yìnyín bẹ́ẹ̀ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí a bá mú un pé mìlímítà mẹ́rin ló ń yọ́ lóòjọ́ fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ bá fi gbóná ju òdo lọ, ọjọ́ tó gbóná dé dígírì 10 yóò yọ́ mìlímítà 40. Lórí ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà 10 níbùú, kìlómítà 10 lóròó, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin mítà kúbíkì omi lóòjọ́, tàbí nǹkan bí 46 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in dọ́gba. Oòrùn kò lè fún òkè ju ohun tó ní lọ, òru sì ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kún omi ìgbà ìrúwé fi máa ń jọ ara wọn bí ọmọ ìyá lórí àtẹ tí a ń to ẹ̀kún omi ọdọọdún sí, tí omi tí oòrùn ọ̀sán yọ́ sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀gànjọ́, nígbà tí ìwọ bá ń fi tọ́ọ̀ṣì wo òpó ìwọ̀n, tí èmi ń díbọ́n pé mo ti sùn.

Òjò tó ń rọ̀ sórí yìnyín ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àwọn ọmọ yìí kọ́kọ́ rò pé ooru inú òjò ló ń yọ́ ọ, mo sì ní kí wọ́n jókòó ṣe ìṣirò. Òjò tó gbóná dé dígírì 10 kò gbé ju nǹkan bíi kìlójúùlù ooru 42 nínú kílò kan, bẹ́ẹ̀ 334 ni kílò yìnyín kan ń gbà kí ó tó yọ́. Kílò òjò mẹ́jọ ni yóò pawọ́ pọ̀ yọ́ ẹyọ kan. Ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ líle tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì kún fún ọ̀rinrin: bí kílò kan ọ̀rinrin rẹ̀ bá di omi lórí yìnyín, ó ń tú nǹkan bíi kìlójúùlù 2,500 sílẹ̀, èyí tó lè yọ́ kílò yìnyín méje àbọ̀. Òjò wá ń gba àárín yìnyín tó ti rin gbingbin kọjá, gbogbo rẹ̀ sì ń ya wọ odò lẹ́ẹ̀kan, láìdúró de oòrùn. Ìwọ náà gbọ́ nípa odò Yellowstone ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ní ibùdó ìwọ̀n Corwin Springs, omi gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 13.88, bẹ́ẹ̀ 11.5 ni èyí tó ga jù lọ tẹ́lẹ̀, láti ọdún 1918.

Ẹ̀kún omi tiwa náà wà lórí àtẹ, òun nìkan lókè pátápátá: ọdún tí a sùn nínú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ pa á rẹ́ nítorí pé kò bá àwọn yòókù mu. Èkejì fẹ́ fa ìlà kan ṣoṣo gba inú gbogbo wọn kọjá, ìlà náà kò sì tọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn. Mo ní kí wọ́n pín wọn sí ìdílé méjì, ti oòrùn lọ́tọ̀, ti òjò orí yìnyín lọ́tọ̀, kí a tó wá da ìṣirò méjèèjì pọ̀. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ìdílé kejì kò lérò, àmì tiwa yẹn sì ni olórí rẹ̀.

Ó wá di ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ti bá omi lọ lóru ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wọn nǹkan kan. Ewé igi páìnì wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ àpáta ni a fi mọ ibi tí omi dé, a ta téèpù, a sì fi ìlànà Manning, tó ń lo ìdagẹ̀rẹ̀, ìjìn àti págunpàgun odò láti mọ bí omi ṣe ń ṣàn tó, ṣírò ìyókù. Mo rí i nínú ìwé pé 0.04 ni a mú fún págunpàgun ìsàlẹ̀ odò. Ta ló mú un? Mo fẹ́ sọ pé ìwọ ni, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi ni. Robert Jarrett, tó wọn àwọn odò orí òkè Colorado, ti fi hàn ní ọdún 1984 pé odò tó dagẹ̀rẹ̀ ń dí omi lọ́wọ́ ju bí a ti rò lọ. Bí odò bá ń fi mítà méjì rẹlẹ̀ nínú 100 mítà, tí ó sì jìn tó mítà kan àbọ̀, nǹkan bíi 0.068 ni ìlànà rẹ̀ ń fúnni. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiwa, omi ọjọ́ náà kò ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tí a kọ, afárá yóò sì rẹlẹ̀ ju bí mo ṣe ń sọ fún wọn lọ.

Ǹ bá ti dín in kù, bí kì í bá ṣe ohun kan tí mo rántí. Lẹ́yìn tí mo ti ká téèpù, o ṣì gun òkè àpáta náà, o sì ké sí mi pé ewé tún wà lókè níbí. Òtútù ń pa mí, mo ní kí o máa bọ̀. Ṣé ìlà omi kejì ni o rí, àbí ewé tí afẹ́fẹ́ gbé lọ síbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ìlà omi, iye omi tí mo fẹ́ dín kù yẹn gan-an ti kéré jù tẹ́lẹ̀.

Jọ̀wọ́, wá ìwé kékeré aláwọ̀ ewé rẹ jáde. Gíga ìlà náà ni mo ń fẹ́, àti bóyá a dá òdìkejì odò wọ̀n ní tòótọ́ tàbí a kàn fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí omi bá ti pa ojú ìwé náà, ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí o fi ránṣẹ́. Àná ni àwọn ọmọ náà ti ọ̀pá bọ yìnyín òkè wa: ó jìn ní mítà méjì, omi inú rẹ̀ tó mìlímítà 800, ara rẹ̀ sì ti dé dígírì òdo láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ti ṣetán láti yọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìṣirò afárá náà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o máa bọ̀ nílẹ̀.