Ẹ Yé Fi Okùn De Ẹsẹ̀ Ẹni Tí Ejò Ṣán

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọlọ́kadà ni mí ní Mọ́níyà. Ọ̀nà oko ni mò ń ná jù, bí ejò bá sì ṣán àgbẹ̀, àwa náà là ń gbé e jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ sí lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí wọ́n fi okùn de ẹsẹ̀ náà pinpin kí oró má baà gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Oró paramọ́lẹ̀ máa ń jẹ ẹran ara rà níbi tó bá ti wọlé. Bí ẹ bá wá sé e mọ́ ojú kan, tí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè lọ síbẹ̀ mọ́, oró lẹ̀ ń ràn lọ́wọ́. Mo ti gbé ọmọkùnrin kan rí tí wọ́n fi rọ́bà táyà so ẹsẹ̀ rẹ̀. Ká tó dé ọsibítù, ìsàlẹ̀ rọ́bà náà ti dúdú. Nọ́ọ̀sì ò bú wa, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò wá ju èébú lọ. (Tí wọ́n bá ti so ó le kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má tú u lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí dókítà tú u.)

Ohun tó yẹ kò le. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ejò ṣán rìn, ẹ má sì jẹ́ kó sáré. Ẹ tètè bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà kó tó wú. Ẹ fi pákó ti ẹsẹ̀ náà, kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Lórí ọ̀kadà, àárín ni kó jókòó sí, kí ẹnì kan dì í mú látẹ̀yìn. Kò sí gbẹ́rẹ́, kò sí fífi ẹnu fa oró, kò sí kẹrosíìnì. Ẹ má sì lé ejò káàkiri. Orí ejò tó ti kú pàápàá ṣì lè ṣán èèyàn.

Ní ọsibítù, ẹ lè rí i tí wọ́n bu ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Àwọn mọ̀lẹ́bí á máa pariwo pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Rárá o: bí ẹ̀jẹ̀ náà ò bá dì, oró ti dénú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, aporó ló kù.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, torí paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹsẹ̀. Ṣe ló máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ sì kó àgbàdo kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé. Eku ló ń pe ejò wọlé.

Láti ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ejò ṣíṣán mọ́ àwọn àrùn tí ayé pa tì. Níbí ńkọ́? Ọsibítù kan wà tá a gbé aláìsàn dé, wọ́n ní aporó ti tán, ká máa lọ síwájú. Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ẹ sọ fún wa lórí rédíò kí òjò tó dé: ibo ni aporó wà? Kẹ́ ẹ sì lẹ orúkọ ibẹ̀ mọ́ ògiri gáréèjì wa.

Ọlọ́kadà kan,
Mọ́níyà, Ìbàdàn