Ada Blackjack ńkọ́?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ìròyìn yín lórí àwọn tó la yìnyín Àríwá ayé já dùn mí: ọkùnrin nìkan lẹ dárúkọ. Ada Blackjack ńkọ́, ọmọ Iñupiat, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Alaska? Aránṣọ ni bíi tèmi. Lọ́dún 1921, ó bá ọkùnrin mẹ́rin lọ sí erékùṣù Wrangel, nínú òkun yìnyín ní àríwá Rọ́ṣíà, kó lè rówó tọ́jú ọmọ rẹ̀ tí ikọ́ ife ń bá jà. Aṣọ awọ tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ òtútù ni wọ́n ní kó máa rán. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n wọn, mẹ́ta wá ìrànlọ́wọ́ lọ, wọn ò padà mọ́. Òun ló tọ́jú ẹnì kẹrin títí tó fi kú. Ó ń dẹ pańpẹ́ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìbọn yíyìn. Òun àti ológbò kan ni ọkọ̀ bá láàyè ní oṣù kẹjọ ọdún 1923. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ náà.

Aránṣọ kan, Ìbàdàn