Ẹ bi ará Òṣogbo léèrè kí ẹ tó gé igi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ó ń dùn mí bí àwọn kan ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà ọlọ́dà àti ilé ìtajà nìkan ni ará Òṣogbo ń fẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ń wá ibòji, atẹ́gùn tútù àti ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Odò Ọ̀ṣun tó gba inú igbó náà kọjá gan-an, àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ti sọ omi rẹ̀ di ẹrẹ̀. Ta ni yóò fi irú rẹ̀ wẹ ọmọ? Mo rọ ìjọba pé kí wọ́n máa bi wá léèrè ládùúgbò kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́ tí yóò gé igi, kí wọ́n sì tẹ ìdáhùn wa jáde.

Olùgbé Òṣogbo